Ọ̀rọ̀ Ìwé Lára Ògiri: Èyí Tó Tówó Rà àti Èyí Tí Kò Tó O Lọ́wọ́ Àwọn Onítẹ̀wé Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ṣágámù, ní Ìpẹ̀rù, pálọ̀ tí kò ní ọ̀rọ̀ kan lára ògiri kò wọ́pọ̀ mọ́. Bí kì í bá ṣe ẹsẹ Bíbélì tàbí ti Kùránì, á jẹ́ òwe, tàbí ìlà kan nínú ewì tí tọmọdé tàgbà ti kọ́ sórí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń rà á fún ọkọ àti ìyàwó tuntun, wọ́n ń gbé e fún ọmọ tó gboyè ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìlíṣàn, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ sì ń tẹ̀ ẹ́ sára ife àti tíṣẹ́ẹ̀tì bí Ojúde Ọba bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jáde la fẹ́ yẹ̀ wò: ìwé inú férémù, pákó tí ẹ̀rọ lésà fín, sítíkà ara ògiri, ife, tíṣẹ́ẹ̀tì, àti pátákó tí átíìsì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. A kò dárúkọ ṣọ́ọ̀bù kankan. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí ẹ gbé iṣẹ́ lọ ló ń sọ bí iṣẹ́ ṣe máa rí, ẹni náà sì lè má sí níbẹ̀ mọ́ lóṣù tó ń bọ̀.

Ká ti sọ ibi tí a fì sí. Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tó dára tí kò gba owó púpọ̀, ìwé inú férémù ni kí ẹ ṣe. Bí ẹ bá ní sùúrù ọ̀sẹ̀ méjì, pátákó tí átíìsì fi ọwọ́ kọ ló dára ju gbogbo wọn lọ. Ife ló ń jáni kulẹ̀ jù. Ohun kan náà ló sì ń ba gbogbo wọn jẹ́, ìyẹn ni àmì tó sọnù. Ìlà tó ti dùn létí ènìyàn láti ọgbọ̀n ọdún wá, tó wá di òkú ọ̀rọ̀ lára ògiri nítorí pé àmì orí àti àmì abẹ́ lẹ́tà ti ré bọ́, ẹ̀dùn ọkàn ni.

Ẹ wo ìlà tí wọ́n ń tẹ̀ jù ní àgbègbè yìí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ewì J. F. Ọdúnjọ nínú Aláwíyé: "Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́." Àmì orí márùn-ún ló wà níbẹ̀, àmì abẹ́ mẹ́rin. Bí ẹ bá yọ gbogbo wọn, ohun tó kù ni "Ise ni oogun ise", tí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí ti di ọ̀kan náà. Ìjà tó wà láàárín iṣẹ́ àti ìṣẹ́ ni gbogbo ẹwà ìlà náà, ìjà náà sì ti parí síbẹ̀. Bí wọ́n bá fi àmì sí i ṣùgbọ́n tí ọwọ́ ṣì, tí oògùn di òógùn, òǹkàwé á máa rò pé làágùn ni akéwì ń wí. Nítorí náà, ẹ ka iye àmì. Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ lọ, ẹ kọ ìlà náà sínú ìwé, ẹ ka àmì orí, ẹ ka àmì abẹ́, ẹ kọ iye méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi àwòrán iṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, iye yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó wo àwọ̀ tàbí òdòdó tí wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́.

Kí ló ń fà á tí àmì fi ń sọnù? Kì í ṣe ọ̀lẹ onígráfíìsì nìkan. Nínú kọ̀ǹpútà, á, à, é, è, ó, ò ní ààyè tiwọn gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹ, ọ àti ṣ náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń mú ẹ, tó tún ń mú àmì ohùn lọ́tọ̀, tó wá ń gbé ọ̀kan lé èkejì lórí. Fọ́ǹtì ló máa ń sọ fún un ibi tí àmì náà máa jókòó sí. Fọ́ǹtì tí ẹni tó ṣe é kò ro ti Yorùbá mọ́ ọn á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, á gbé e lé lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kó fi àpótí kékeré dípò rẹ̀. Onígráfíìsì tó rí àpótí yẹn á kàn pa á rẹ́ kí iṣẹ́ lè máa lọ. Òun ló fi jẹ́ pé ẹ máa ń rí iṣẹ́ tí á àti ò inú rẹ̀ ní àmì, tí ẹ́ àti ọ̀ kò ní.

Àwọn fọ́ǹtì tó ń gbé àmì Yorùbá dáadáa wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Noto Serif, Noto Sans, Charis SIL, Gentium, Andika. Charis àti Gentium ló yẹ ìlà ìwé jù nítorí wọ́n ní ìrísí ìwé tí a tẹ̀ ní tòótọ́. Andika dára fún ohun tí ọmọdé máa kà. Àwọn fọ́ǹtì oníkọ́lọkọ̀lọ tó jọ ìwé ọwọ́, tí gbogbo onígbéyàwó fẹ́ràn, ibẹ̀ ni ewu wà jù. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ẹ àti ọ rárá. Kọ̀ǹpútà á wá yá lẹ́tà wọ̀nyẹn lọ́dọ̀ fọ́ǹtì mìíràn, ẹ á sì rí i pé gbogbo ìlà ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ, àfi ẹ àti ọ tó dúró gan-an láàárín wọn. Ẹ fún onígráfíìsì ní ìdánwò yìí kó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú fọ́ǹtì tó bá fẹ́ lò: ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ ń ǹ Ẹ́ Ẹ̀ Ọ́ Ọ̀ Ṣ. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí àwọn tó kù, kó pààrọ̀ fọ́ǹtì. Ìṣẹ́jú kan kò ní kọjá lórí rẹ̀.

Lẹ́tà ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má gbà á. Àmì orí Ẹ́ àti Ọ̀ á ga débi tó fi máa kan àmì abẹ́ lẹ́tà tó wà ní ìlà òkè, ojú á sì dàrú. Bí ó bá di dandan, kí àlàfo láàárín ìlà kan sí èkejì tó ìlọ́po 1.5 ìwọ̀n fọ́ǹtì. Fún lẹ́tà kékeré, 1.3 sí 1.4 ti tó. Àlàfo tí kọ̀ǹpútà ń fúnni láìjẹ́ pé a tọ́ ọ kì í sábà tó fún Yorùbá.

Ọ̀nà tí ẹ gbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ náà ṣe kókó. Ẹ má fi fọ́tò ojú ìwé ránṣẹ́ nìkan, nítorí onígráfíìsì á tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àmì ti ń bọ́. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà fúnra yín. Gboard ti Yorùbá wà lórí fóònù, ó sì ń gbé gbogbo àmì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ bí ọ̀rọ̀, kí ẹ wá fi fọ́tò ojú ìwé tẹ̀ lé e fún àfiwé, kí ẹ sì sọ ọ́ kedere: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún un tẹ̀ o, ẹ ṣe kọ́pì rẹ̀ bó ṣe wà." Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ ní kó yí ọ̀rọ̀ náà padà sí àwòrán kó tó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, lórí CorelDRAW, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn onígráfíìsì fi ń ya iṣẹ́, Ctrl+Q ni wọ́n ń tẹ̀. Ìdí ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ kì í sábà wà lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ya iṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà kejì kò bá ní Charis, á fi fọ́ǹtì mìíràn rọ́pò rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ lẹ́yìn Ctrl+Q, kò sí àtúnṣe mọ́, nítorí náà ẹ ka iye àmì yín kó tó tẹ̀ ẹ́. Kó sì tọ́jú fáìlì ti àkọ́kọ́ sí ọ̀tọ̀.

Ibi tí a ti gé ìlà ni ọ̀pọ̀ kì í ronú sí. Òwe àti ewì Yorùbá máa ń ní apá méjì tó ń dá ara wọn lóhùn, ibi tí apá kan parí sí ni ohùn ti ń sinmi. Ibẹ̀ náà ni kí ìwé ti sinmi. Ẹ wo eléyìí bó ṣe yẹ kó rí:

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ,
ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ẹ wá wo bí kọ̀ǹpútà ṣe ń gé e bí a bá fi í sílẹ̀ kó fi ìwọ̀n pépà gé e:

Ọwọ́ ọmọdé kò tó
pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò
wọ akèrègbè.

Kò sí ọ̀rọ̀ tó sọnù, àmọ́ ìlù ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá ń kà á sókè á kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Torí náà ẹ fi ìlà yín ránṣẹ́ pẹ̀lú ibi tí ẹ ti fẹ́ kí wọ́n gé e, kí ẹ sì sọ pé bí kò bá gba àyè, kí wọ́n dín fọ́ǹtì kù, kí wọ́n má fọwọ́ kan ibi gígé. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ìlà méjèèjì gùn dọ́gba nípa fífa lẹ́tà ya, kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀; àlàfo ńlá láàárín lẹ́tà Yorùbá ń jẹ́ kí àmì dà bí ohun tó dá dúró.

Ìwọ̀n ńkọ́? A4 tí a dá dùbúlẹ̀ (29.7 sí 21 sẹ̀ńtímítà), pẹ̀lú àlàfo íǹṣì kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á gba bíi lẹ́tà 27 sí 30 ní ìlà kan bí fọ́ǹtì bá jẹ́ 48. Ẹni tó jókòó sórí àga ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ògiri á kà á láìna ọrùn. Ìlà mẹ́rin ni kí ó mọ. Ọ̀rọ̀ tó bá ju bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹ gbé e lọ sí A3. Àwọn kan máa ń fẹ́ kí gbogbo ewì wà lórí A4 kan, ìyẹn kì í ṣe ohun ara ògiri mọ́, ìwé kíkà ni. Ẹ yan ìlà méjì tó ń gbé gbogbo rẹ̀ dúró.

Ó wá kan àwọn iṣẹ́ náà fúnra wọn.

Ìwé inú férémù rọrùn láti ṣe dáadáa, ó sì rọrùn láti tún ṣe bí àṣìṣe bá wọ̀ ọ́, nítorí pépà nìkan ni ẹ máa pààrọ̀. Ẹ béèrè fún pépà tí kò dán, gíráàmù 250 sí 300. Pépà tó ń dán máa ń gba iná gílóòbù sójú, a kì í rí ọ̀rọ̀ ka lálẹ́. Ohun tó ń ba irú rẹ̀ jẹ́ ní Ìjẹ̀bú ni òjò. Bí pépà bá fara kan gíláàsì, ọ̀rinrin á lẹ̀ wọ́n pọ̀ nígbà òjò, tàdáwà á sì máa bá gíláàsì lọ. Ẹ ní kí onífèrémù fi páálí tí wọ́n gé àárín rẹ̀ sí àárín pépà àti gíláàsì, kí àyè wà fún afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn férémù, ẹ ní kó lẹ ìdérí ìgò kékeré tàbí ègé rọ́bà mọ́ igun méjì ìsàlẹ̀, kí férémù má fara ro ògiri tó tutù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dúdúdúdú á yọ sí ẹ̀yìn pépà láàárín òjò kan. Iṣẹ́ tí a fi ẹ̀rọ tó ń lo tàdáwà olómi tẹ̀ máa ń ṣá lójú oòrùn, nítorí náà ẹ má gbé e kọ́ sí ọ̀kánkán fèrèsé. Níbi iṣẹ́ yìí, owó férémù ló ń pọ̀ ju owó ìtẹ̀wé lọ. Ẹ lè gbé pépà lọ bá káfíńtà kó bá yín fi igi gidi ṣe férémù, ó sábà máa ń lálòpẹ́ ju èyí tó jẹ́ ike tí wọ́n kó wá lọ.

Pákó tí ẹ̀rọ lésà fín lẹ́wà púpọ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ọmọ tó gboyè fi ń gba ọ̀kan. Ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín fífín àti gígé. Bí wọ́n bá fín ọ̀rọ̀ sójú pákó, àmì abẹ́ á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Bí wọ́n bá gé lẹ́tà jáde láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, gbogbo àmì ti di ègé ọ̀tọ̀ nìyẹn. Wọ́n á bọ́ sínú eérú ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ á sì gbá wọn dànù. Ẹ má ṣe iṣẹ́ gígé fún Yorùbá àyàfi tí wọ́n bá máa lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ pákó mìíràn lẹ́yìn, kí ẹ sì dúró ti àmì yín kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Fún fífín, kí fọ́ǹtì má kéré sí 28. Bí ó bá kéré sí i, àmì abẹ́ kò ní tó mìlímítà kan, èédú iná á dí i, á sì dà bí ìdọ̀tí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìdè kọ́kọ́rọ́ onípákó tí wọ́n ń fi òwe sí lára kì í fi í dára. Ojú wọn kò gba ju ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ. "Ìwà lẹwà" gbà, òwe elọ́rọ̀ mẹ́jọ kò gbà. Iná mànàmáná náà ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń fín lọ́wọ́, tí wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀, ìlà kejì lè fì sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, á sì hàn. Ẹ béèrè bóyá ṣọ́ọ̀bù náà ní ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń tàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Sítíkà ara ògiri, a kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rọ á gé e tán, òṣìṣẹ́ á wá fi ẹ̀mú yọ èyí tí a kò fẹ́ kúrò. Àmì tí kò tó mìlímítà méjì á bá ìdọ̀tí lọ níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀dà tó ń bu bí ẹfun kò lè di í mú. Ọ̀dà tó ń dán díẹ̀ ni ó ń lẹ̀ mọ́, ẹ sì jẹ́ kí ọ̀dà tuntun lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ó wúlò fún ilé ìkàwé ilé ìwé àti ọ́fíìsì tó ní gíláàsì ńlá, tí lẹ́tà rẹ̀ lè tóbi.

Ife funfun tí wọ́n ń tẹ̀ ọ̀rọ̀ sí lára ní ìpara kan tó máa ń gba tàdáwà. Wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí pépà lódìkejì, wọ́n á so ó mọ́ ife, wọ́n á ki í bọ inú ẹ̀rọ gbígbóná tó wà láàárín 180 sí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí wọ́n bá gbàgbé láti yí i lódìkejì, ife náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí pépà bá yẹ̀ díẹ̀, òjìji á wà lẹ́yìn gbogbo lẹ́tà, àmì kan á sì di méjì, ohùn ìsàlẹ̀ á dà bí ohun tí kò sí nínú èdè wa. Nítòsí etí ife, ẹ̀rọ kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ló ti ń ṣá. Kí ọ̀rọ̀ má fẹ̀ ju sẹ̀ńtímítà mẹ́jọ lọ, kó máa kọjú sí ẹni tó mú ife dání. Ìlà tí a ní láti máa yí ife kiri kí a tó kà á tán kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Sọ́ọ̀sọ́ọ̀ irin tí a fi ń fọ ìkòkò kò gbọdọ̀ kàn án. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni òpin. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ṣe ọgọ́rùn-ún, ẹ ní kí wọ́n ṣe ọ̀kan sílẹ̀ ná, kí ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ tó sanwó àwọn tó kù.

Tíṣẹ́ẹ̀tì rọrùn ju ife lọ, nítorí àyè wà. Irú ọ̀nà tí wọ́n fi ń tẹ ife yẹn kò ṣiṣẹ́ lára òwú. Aṣọ polyester aláwọ̀ fífẹ́rẹ́ ló ń gbà á. Fún òwú, tí wọ́n bá pọ̀, ìtẹ̀ alásẹ́ ló dín owó kù, ṣùgbọ́n ìpara inú asẹ́ ń dí àmì kéékèèké, nítorí náà kí lẹ́tà tóbi. Bí iye aṣọ bá kéré, tàbí bí ọ̀rọ̀ bá gùn, DTF, ìyẹn títẹ ọ̀rọ̀ sórí fíìmù kí wọ́n tó fi ooru lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, ló ń yọ àmì jáde kedere jù. Fífọ̀ rẹ̀: ẹ yí inú aṣọ síta, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́, kí áyọ́ọ̀nù má sì bọ́ sójú ọ̀rọ̀ náà tààrà.

Àwọn átíìsì tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí ara mọ́tò àti pátákó ṣọ́ọ̀bù ti ń dín kù, ó sì dùn wá, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn kò ní wàhálà fọ́ǹtì. Ibi tó bá rí àmì, ibẹ̀ ló máa kọ ọ́ sí. Pílíwúùdù ìdajì íǹṣì ni kí ẹ lò, kó kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó fi pẹ́ńsù fa ìlà, kó wá fi ọ̀dà gílóòsì kọ ọ́. Ẹ má rò pé ó mọ ibi tí àmì ń lọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà sórí pépà, lẹ́tà ní dúdú, àmì ní pupa, kí ẹ ní kó kọ gbogbo lẹ́tà tán, kó jẹ́ kí wọ́n gbẹ, kó wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó tinrín fi àmì sí i lọ́tọ̀. Bí ó bá ń kọ wọ́n papọ̀, ó máa ń gbàgbé àmì abẹ́ nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sórí lẹ́tà kejì. Ohun mìíràn tí ẹ̀rọ kò lè ṣe tí òun lè ṣe ni pé ó lè fi ohùn ìlà náà sínú ìkọ̀wé: ó lè mú ọ̀rọ̀ tó gbé ìlà náà dúró tóbi díẹ̀ ju àwọn tó kù lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ fún un, nítorí ọ̀dà gílóòsì kì í gbẹ kíákíá nígbà òjò.

Ọ̀rọ̀ ta ni ẹ ń tẹ̀? Ìhín ni àṣìṣe ti pọ̀ jù lẹ́yìn ti àmì. Ìlà Ọdúnjọ tí a kọ sókè yẹn, a máa ń rí "Òwe Yorùbá" lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe òwe, akéwì ló kọ ọ́, ọdún 1904 ni wọ́n bí i, ó kú ní 1980, orúkọ rẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Èkejì rẹ̀ ni òwe tí àwọn baba ńlá wa ti ń pa tipẹ́, tí wọ́n á kọ orúkọ òǹkọ̀wé kan sí lábẹ́ nítorí pé inú ìwé rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Òwe ni kí ẹ pè é. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, pàápàá ní Ìkẹ́nnẹ́, àwòrán Awólọ́wọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ rẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní orúkọ ìwé, kò ní ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Bí onítẹ̀wé kò bá lè sọ ìwé àti ojú ewé, ẹ fi àwòrán sílẹ̀ láìní ọ̀rọ̀. Ìkẹ́nnẹ́ náà ni Tai Ṣólàárín dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956. Àdúrà tó kọ sínú ìwé ìròyìn fún ọdún tuntun 1964, pé kí ọ̀nà àwọn òǹkàwé òun le, ni ọ̀pọ̀ òbí ń fi ta ọmọ lọ́rẹ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìtumọ̀ ni, kí ẹni tó bá mọ ti àkọ́kọ́ má rò pé ẹ yí i padà.

Ìlà tí ẹ bá mú láti inú ìwé àtijọ́, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ìwé tí a tẹ̀ kó tó di 1974, tí wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí, lè ní "enia", "aiya", "ọkọnrin", "nwọn", "yio". Ẹ lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà nítorí ìtàn rẹ̀, ẹ sì lè yí i sí "ènìyàn", "àyà", "ọkùnrin", "wọ́n", "yóò". Ẹ ṣáà má pò wọ́n pọ̀ nínú ìlà kan. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé orí yín. Bí a ṣe ń pe ìlà lẹ́nu àti bó ṣe wà nínú ìwé kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí ẹnu máa ń gé e kúrú. Ẹ ṣí ìwé. Fún ẹsẹ Bíbélì, ẹ yan ìtumọ̀ kan, ẹ kọ orí àti ẹsẹ: "Olúwa ni Olùṣọ́ àgùntàn mi, èmi kì yóò ṣe aláìní", Orin Dáfídì 23:1.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú ni ẹ fẹ́ kọ, bí oríkì ilé yín, ìṣòro mìíràn tún wà. Onígráfíìsì á "tún un ṣe" sí Yorùbá gbogbogbòò láìbéèrè, nítorí ó rò pé àṣìṣe ni. Ẹ kọ ọ́ sí orí pépà gàdàgbà pé kó má yí lẹ́tà kankan padà. Kí àgbàlagbà kan nínú ìdílé kà á sókè kí ẹ tó gbé e lọ. Bí ahọ́n rẹ̀ bá kọ́ níbìkan, ibẹ̀ ni kí ẹ tún kọ.

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìlà òǹkọ̀wé láti tà, kì í ṣe fún pálọ̀ ara rẹ̀, kó kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà jáde. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní 2022 dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé títí di 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú. Fágúnwà kú ní 1963, nítorí náà títí di ìparí 2033 ni. Ti Ọdúnjọ di ìparí 2050. Òwe kò ní olówó, ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù yín.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú rẹ̀ sì ni kò sí onítẹ̀wé tó ráyè ka àmì fún ẹnikẹ́ni ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ iṣẹ́ tó mọ́, kó gbé e lọ ní oṣù kan àtààbọ̀ ṣáájú, kó san ìdajì owó, kó fi ìdajì sílẹ̀ dìgbà tí ẹ bá rí ẹyọ àkọ́kọ́. Tí ẹ bá lọ gba iṣẹ́, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ iye àmì sí dání. Ẹ gbé iṣẹ́ náà sí ìta lójú oòrùn, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi ìka tẹ̀ lé àmì abẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti apá òsì dé apá ọ̀tún, lẹ́yìn náà àmì orí, kí ẹlòmíràn tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ sì kà á sókè. Bó bá kà á bó ṣe yẹ láìbéèrè, ẹ san owó tó kù.